Etu àti Àgbìgbò Olùṣọ́ Àká

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi ń fò bọ̀, ó bà lé Etu opó, ó bà lé Àgbìgbò olùṣọ́ àká. Ẹ bá mi gbè é: "Òjò ń lọ!"

Ní ayé àtijọ́, Alángbá ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Etu. Etu ń kọ ebè lọ́wọ́.

"Ìyá Ìgè, ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ti da àká Etí Odò pọ̀ mọ́ àká Orí Òkè. Àgbìgbò ló ń ṣọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Orúkọ lẹ máa dá, òun ló máa gbé ẹrù yín jáde."

"Kí wọ́n ṣáà má jẹ irúgbìn mi," ni Etu wí.

Irúgbìn àgbàdo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú wà nínú kèǹgbè ní àká Etí Odò. Kò ní òmíràn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kọjá kó tó gbìn ín, ebi ni tòun tọmọ. Nílẹ̀ wọn, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe kèǹgbè irúgbìn ilé. Ẹsẹ̀ ni ọmọ Etu fi wáyé. Ìgè ni ọmọ, Ìgè ni kèǹgbè.

Òjò dé. Etu sáré dé ẹnu àká, ó kọrin:

Baba Àgbìgbò, ẹ ṣílẹ̀kùn,
Òjò ń lọ!
Ẹ gbé kèǹgbè Ìgè wá,
Òjò ń lọ!
Ebè mi ti lanu sílẹ̀,
Òjò ń lọ!

Àgbìgbò rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn nínú òkùnkùn. Ó kígbe: "Ó dojú rú! Padà!"

Etu ní bóyá ìkíni òun ló kù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ìnira, ó kí i kú ẹrù orí. Ó tún kọrin.

"Ó dojú rú! Padà!"

Etu ní bóyá ebi ló ń pa á. Ó já àgbálùmọ̀ wá. Àgbìgbò jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. "Ó dojú rú! Padà!"

"Orí tó tó agbọ̀n," ni Etu wí, "ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀!"

Òkété ará Orí Òkè dé, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti lé òun náà padà láàárọ̀.

"Ìgè, panu mọ́!" ni Òkété wí.

Etu yíjú. "Ta lò ń pè ní Ìgè?"

"Ọmọ mi ni. Ṣé ó dùn ẹ́ ni? Ẹsẹ̀ ló fi wáyé."

"Ẹsẹ̀ ni tèmi náà fi wáyé!"

Wọ́n wo ara wọn. Etu gbá ìlẹ̀kùn gbà-gbà-gbà.

"Baba Àgbìgbò! Kèǹgbè Ìgè mélòó ló wà níwájú yín?"

"Méjì."

"Ẹ ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní ó dojú rú. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ?"

Òkété rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi fẹ́ jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Etu tún orin dá:

Ìgè ọmọ Etu ni mo wí,
Òjò ń lọ!
Ti àká Etí Odò ni,
Òjò ń lọ!

Kíá, kèǹgbè jáde. Òkété náà pe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbà á. Etu ò dúró dúpẹ́. Ó kó eré dé oko, ó gbìn, ó gbìn, ó gbìn. Bó ṣe bo ebè tó kẹ́yìn ni òjò dá.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ilé méjì bá di ọ̀kan, ẹ má pe orúkọ lásán. Ẹ sọ ilé tó ti wá. Ẹni tí wọ́n bá sì fi ṣọ́nà, kó sọ ohun tó dí i lọ́wọ́, torí ariwo kì í ṣe èsì. Ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi balẹ̀ sí nìyí.