Omi Kajú Nínú Àwo Ìsọmọlórúkọ

Ọkùnrin kan wà tí ó ní oko kajú. Bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń ṣe ni òun náà ń ṣe: kóró ni wọ́n ń kó lọ tà, wọ́n á fi èso sílẹ̀ kó jẹrà, nítorí ó máa ń fúnni lọ́fun.

Lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí lẹ́yìn ìdúró gígùn, ayédèrú oyin ló kún ìlú. Níbi ìsọmọlórúkọ aládùúgbò kan, olórí ẹbí tọ́ oyin wò, ó tu ú dànù. “Omi ṣúgà lẹ fẹ́ fi wúre fún ọmọ?” Ìtìjú bá bàbá ọmọ. Ọkùnrin yìí búra pé adùn tí òun bá mọ orísun rẹ̀ ni wọn yóò fi wúre fún ọmọ tòun.

Ó ṣa èso kajú, ó fún omi rẹ̀, ó sè é títí ó fi ki. Ó tọ́ ọ wò, ọ̀fun rẹ̀ há. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wò ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“O fún kajú, kajú náà fún ọ padà! Lọ ra ṣúgà, jàre.”

Ọkùnrin náà koná sí i, ó tún sè é. Ó wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ló yé e pé iná kì í lé ohun burúkú jáde. Ṣe ló ń mú un ki.

Ó rántí pé bí òun bá jẹ kajú lóko tí òun sì mu ẹ̀kọ lé e, ọ̀fun òun máa ń tú. Ó fún omi mìíràn, ó da omi ẹ̀kọ sí i kó tó débi iná. Nígbà tó yá, nǹkan kan rọra wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ igbá bí ẹrẹ̀: ohun tó ń fúnni lọ́fun gan-an nìyẹn. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ó ń bu ìfófòó dànù, títí ó fi pọ́n tó sì ń fà lẹ́nu ìgbákọ. Ìyàwó rẹ̀ tọ́ ọ lá, ó tún tọ́ ọ. “Olówó orí mi, ẹ tètè gbé e pamọ́ fún mi o, kí n má baà lá a tán.”

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, olórí ẹbí gbé àwo tí wọ́n bu ú sí. “Ṣé oyin nìyí?”

Irọ́ ti dé orí ahọ́n ọkùnrin náà, ó gbé e mì.

“Rárá, bàbá. Omi kajú ni.”

“Kajú kẹ̀!” ni àwọn àna rẹ̀ wí.

Àgbà náà tọ́ ọ wò. Ó pajú dé. Ó tún ki ìka bọ̀ ọ́, ó wá gbóhùn sókè: “Ọmọ yìí, ohun tó ń fún ẹlòmíràn lọ́fun, dídùn ni yóò máa dùn lẹ́nu tìrẹ!”

“Àṣẹ!” Ilé mì tìtì. Ọ̀rẹ́ ẹlẹ́yà ló kọ́kọ́ nawọ́ sí àwo.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, tí o ní ọmọ rẹ le, pé o nà án, o bú u, kò yí padà: ṣe lò ń koná sí i. Má lé e jáde, má sì koná mọ́. Wádìí ohun tó fún un lọ́kàn, yọ ìyẹn kúrò ná, kí o wá máa bá a wí jẹ́jẹ́. Ìwọ náà yóò mú un jáde níwájú ẹbí, orí rẹ yóò sì wú.