Ojú Tí Ọ̀gá Láoyè Fi Ẹfun Pa Rẹ́

Ẹni tí kò bi ọmọdé léèrè ohun tó yà, yóò fi ẹfun pa ojú ara rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá dé Odò-Arère, kò sí agboolé tí ẹ ò ti ní gbọ́ òwe yìí. Tọmọdé tàgbà ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé.

Ọ̀gá Láoyè ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà nígbà náà. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kúrú ju ọ̀tún lọ, láti kékeré ló sì ti ń tiro. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sín in jẹ títí ó fi dàgbà. Ó ti wá di olórí ilé-ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ ti hewú, síbẹ̀ bó bá gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ a já.

Lọ́dún yẹn, Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè, olùkọ́ ìwé karùn-ún, ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òun ṣe ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n kó ògbólógbòó táyà jọ, wọ́n rì wọ́n dé ìdajì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì kùn wọ́n lọ́dà pupa. Wọ́n fi àfọ́kù àwo ṣe ẹja sára kànga. Ògiri gígùn tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n pín láàárín ara wọn, kí kálukú ya ohun tó wù ú. Ẹnìkan ya àkùkọ, ẹnìkan ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń pa ẹ̀kùrọ́. Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ya ọkùnrin kan.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá jáde wá wo iṣẹ́ wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀ títí ó fi dé iwájú àwòrán Mosúnmọ́lá. Ọkùnrin inú àwòrán wọ awò ojú bíi tirẹ̀, ó ní irùngbọ̀n bíi tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn, ọ̀kan kúrú, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń jó. Ọmọ kan fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ara ọ̀gá gbóná.

“Ta ló ya èyí?”

“Èmi ni, sà.”

Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè sún mọ́ ọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, iṣẹ́ náà ò tíì parí. Ọ̀dà búlúù ló tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká bi í ohun tó fẹ́ yà.”

“Kí ni a fẹ́ bi í? Ṣé ojú mi fọ́ ni?”

Ó ní kí wọ́n gbé garawa ẹfun wá. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá kò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó gòkè dé àyà, ó kun ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó kan ojú, ó dúró díẹ̀, ó wẹ̀yìn wo ọ̀gá, ó sì kùn ún. Ẹfun ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí agogo tó lù, ìyá àgbà Mosúnmọ́lá gbé igbá ẹyin dé. Ọmọ náà kò tíì sọ fún un pé àwòrán ti pa rẹ́. Ó kí ọ̀gá tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Tíṣà, mo ní kí n wá wò yín lára ògiri ni. Láti ọjọ́ Àìkú lọmọ yìí ti ń sọ pé òun máa ya ìgbà tí ẹ gbé Ṣijúwadé àbúrò rẹ̀ sí èjìká la odò kọjá, lọ́jọ́ tí àgbàrá wọ́ afárá lọ. Ó ní omi mù yín dé àyà. Ó ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ ò sì sọ ọmọ kalẹ̀. Níbo lẹ wà níbẹ̀?”

Ìgbà náà ló yé Ọ̀gá Láoyè. Ọwọ́ tó rò pé ó ń jó, ọmọ ló fẹ́ dì mú. Ọ̀dà búlúù tó tán, omi odò ló fẹ́ fi yà. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbé ojú sókè.

“Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́, Màmá.”

Arúgbó náà wo ibi funfun lára ògiri. Kò bínú. Ó rọra gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọ́fíìsì, ó sì lọ. Ìyẹn ló dun ọ̀gá jù. Ì bá sàn kó bú òun.

Ó pe Mosúnmọ́lá. “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí, sà.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo ọmọ tò sórí ìlà, ó ṣí fìlà lórí, ó sì sọ ọ́ ketekete: “Mosúnmọ́lá, mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí.” Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá ọ̀dà búlúù.

Ọmọ náà tún àwòrán yà. Odò wà níbẹ̀, Ṣijúwadé wà lórí èjìká, ẹsẹ̀ kúkurú náà wà nínú omi. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kó wà funfun báláú. Ọ̀gá wà lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí Ìyáàfin Ọ̀ṣúnlékè bi í ní ìdí rẹ̀.

“Mo gbìyànjú, mà. Tí mo bá ti fẹ́ yà á, ojú tí ọ̀gá wa fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ni mò ń rí. Mi ò sì fẹ́ ya ìyẹn.”

Ọ̀gá kò ní kó tún un ṣe. Ọdún mẹ́fà ló kù fún un kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ló sì ń gbà kọjá láràárọ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Odò-Arère ti rí òwe wọn. Bí àgbàlagbà tàbí ẹni tó wà nípò bá yára dá ẹjọ́ ẹni tó kéré sí i lórí ohun tí kò tíì yé e, tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá là á, àwọn àgbà á fà á sẹ́yìn, wọ́n á ní: ẹni tí kò bi ọmọdé léèrè ohun tó yà, yóò fi ẹfun pa ojú ara rẹ̀ rẹ́.