Ọjọ́ Tí Àwẹ̀ró Kúnlẹ̀ fún Àkọ́bí Rẹ̀

A dá a fún Ògúnsèyè, Mọ́gàjí ilé alágbẹ̀dẹ ní ìlú Ìgbórè, ní ìgbà tí ìyá tí ó bí i lọ́mọ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ má tíì bi mí léèrè ohun tí wọ́n ní kí ó fi rúbọ. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é, ẹbọ rẹ̀ yóò dà bí àwàdà létí yín, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà rárá.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá náà. Obìnrin tí ó já fáfá ni nígbà ayé rẹ̀, ó mọ oríkì gbogbo ọmọ ilé láìṣi ọ̀kan pè. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, ìgbàgbé yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá díẹ̀díẹ̀. Á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún padà wá fi òmíràn sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Á máa wá ìborùn tí ó wà léjìká rẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó wá ń bèèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ lọ, ọkọ tí wọ́n ti sin tipẹ́tipẹ́, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Ó di pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé bàbá òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnsèyè jókòó sórí àga oyè rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rin orín. Ìyá rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó rọra fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ògúnsèyè jọ bàbá rẹ̀ àgbà púpọ̀, pàápàá láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Àwẹ̀ró ti padà di ìyàwó tuntun lọ́kàn ara rẹ̀, bàbá ọkọ rẹ̀ ni ó rò pé òun ń kí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Bí ìyá bá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ó bí, ènìyàn á ti máa ronú pé èpè ni ó fẹ́ ṣẹ́. Ẹ̀rù ba Ògúnsèyè débi pé orín bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, Ìyá. Kí ni mo ṣe yín? Ìyá, ta ni mí?"

Àwẹ̀ró wò ó títí. Ó ń wá orúkọ, kò rí i. Ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn kò kúrò nínú ilé mọ́. Ògúnsèyè ń bi í, Mojírádé ìyàwó rẹ̀ ń bi í, àwọn ọmọ ilé náà ń bi í: ta ni mí, kí ni orúkọ mi, ẹ rántí dáadáa. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ó sì ń rù. Ohun tí ó ń dun Ògúnsèyè jù, n kò ní fi pamọ́ fún yín, ni pé ìyá rẹ̀ kò pè é ní Àlàmú mọ́. Oríkì tí ó fi ń jí i láti kékeré nìyẹn. Ó fẹ́ kí ó pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, kí ó súre fún un, kí ó tó lọ. Arúgbó ni òun fúnra rẹ̀ ń dà lọ, síbẹ̀ ó ń sunkún nítorí èyí.

Ó mú àbúrò rẹ̀ Akínpẹ̀lú dání, ẹni tí ń ta epo pupa ní ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n lọ bá Ìyá Ọ̀ṣunníyì, àgbà obìnrin tí ó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìyá náà da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìyá yín kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan ṣe é, kí ẹ má lọ máa fura sí aládùúgbò. Àìsàn ni. Ó máa ń bá àwọn mìíràn lọ́jọ́ ogbó."

Akínpẹ̀lú ní, "Kí ni ẹbọ rẹ̀? Ewúrẹ́ ni àbí àgùntàn?"

"Obì méjì, àti aṣọ funfun kan tí yóò máa fi bora. Ìyẹn kò tó nǹkan. Ẹbọ gan-an wà lọ́wọ́ ìwọ Ògúnsèyè. 'Ta ni mí' tí o ń bi í yẹn, òun ni òòṣà ń gbà lọ́wọ́ rẹ. Má bi í mọ́ láéláé. Bákan náà ni àga oyè rẹ. Gbé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀, kí o tẹ́ ẹní. Bí ó bá kúnlẹ̀, kí ìwọ náà kúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá pè ọ́, òun ni kí o jẹ́. Bí ó bá sì ní òun ń lọ sílé bàbá òun, ẹ bá a gbé ẹrù, ẹ jọ rìn díẹ̀, ẹ jọ padà."

Ògúnsèyè ní, "Ìyá, bí n kò bá bi í mọ́, báwo ni yóò ṣe rántí mi?"

"Ó lè má rántí rẹ mọ́. N kò ní tàn ọ́ jẹ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pè é ní ẹbọ."

Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ irú ẹbọ yìí rí, pé Mọ́gàjí á wá máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa ṣe bí òkú bàbá àgbà. Ó ní orí ìyá wọn kàn ń fẹ́ ẹni tí yóò tún un kọ́ ni, bí a ti ń kọ́ ọmọdé, òun ni yóò sì kọ́ ọ. Ògúnsèyè náà kò tíì gba ọ̀rọ̀ yẹn tán lọ́kàn, kí a sòótọ́. Ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ mú ìyá lọ.

Ní ilé Akínpẹ̀lú, Àwẹ̀ró kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí ó bá kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó má baà jáde. Kì í ṣe ìkà ni Akínpẹ̀lú. Ó rò pé òun ń tún ìyá òun ṣe ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògúnsèyè lọ wò ó, ó bá a lórí ẹní, oúnjẹ àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́kàn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti wú níbi tí ó ti ń lu ilẹ̀kùn.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn ìyá rẹ̀, ó sì gbé e gba àárín ọjà kọjá lójú gbogbo ayé. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí kàn dúró ń wò ó ni. Àwẹ̀ró gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e léjìká, ó ti sùn kí wọ́n tó délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwẹ̀ró jáde, ó kúnlẹ̀. Ògúnsèyè kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Ṣé ara le? Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ nínú ilé yìí?"

Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọ́n ń tọ́jú òun, àfi pé ọkọ òun máa ń hanrun. Ògúnsèyè rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀, ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Mojírádé di ìyálé lójú Àwẹ̀ró, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan á gbé ẹrù Àwẹ̀ró, wọ́n á rìn dé ìdí igi ọ̀sàn lẹ́bàá ọ̀nà, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ á ní ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ó di ọ̀la. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó ń kọrin. Àwọn ọjọ́ mìíràn ṣì le, á máa sunkún láìsí ohun tí ẹ lè tọ́ka sí, Ògúnsèyè á kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìbéèrè yẹn á dé etí ètè rẹ̀, á gbé e mì.

Ní òwúrọ̀ kan, Akínpẹ̀lú wá kí wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí Àwẹ̀ró wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ti lóyún."

"A kú oríire," ni Ògúnsèyè wí.

"Mo mọ̀ pé ọkùnrin ni. Ẹ̀yin ni àgbà ilé. Oríkì wo ni ẹ máa fún un, kí n lè ti máa bá a sọ̀rọ̀ níbí?"

"Àlàmú," ni Ògúnsèyè wí. "Máa pè é ní Àlàmú."

Àwẹ̀ró tẹrí ba sí ikùn rẹ̀. "Àlàmú," ó pè é. "Àlàmú mi. O ò ní sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Wàá dàgbà, wàá gbó, ilé rẹ á kún. Bí n kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, á dára fún ọ. Àlàmú, ṣé o ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́, Ìyá mi," ni Ògúnsèyè wí.

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Bàbá, kí ni ẹ ń sunkún sí?"

"Ayọ̀ ni, ìyàwó wa."

Akínpẹ̀lú kò lè dúró mọ́. Ó sáré wọlé, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Èmi náà ńkọ́, Ìyá? Ta ni mí?" Àwẹ̀ró kígbe, ó sá sẹ́yìn Ògúnsèyè, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Àwẹ̀ró fi sùn tí kò jí mọ́. Ògúnsèyè tí ó rú ẹbọ gbó, ó tọ́, ilé rẹ̀ kún, gbogbo ìre tí ìyá rẹ̀ sú fún un ni ó ṣẹ. Akínpẹ̀lú tí ó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín lówó lọ́wọ́ dé òpin, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò kábàámọ̀. Nígbà tí àbámọ̀ náà bá pọ̀ jù fún un, á wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní. Ògúnsèyè á pè é ní Àkànó, oríkì tirẹ̀, bí ìyá wọn ti máa ń pè é. Á jẹ́ ẹ, á dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ni ó ń wá.