Àdàbà Tí Ó Dá Kọ́lé Ọba

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrí, kò bà sórí òkúta, kò bà sórí òrùlé. Ó bà lé Àdàbà, ó bà lé Ẹ̀gà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bà lé Ọ̀kín, ọba gbogbo ẹyẹ.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹyẹ tí ó mọ ìtẹ́ hun bí Àdàbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí ìtẹ́ rẹ̀ ti òde òní. Ayé àtijọ́ ni mo wí.

Àáró ni òun àti Ẹ̀gà máa ń ṣe. Bí wọ́n bá kọ́ ti Àdàbà lónìí, wọn a kọ́ ti Ẹ̀gà lọ́la. Ẹ̀gà á na koríko, Àdàbà á gbà á, á hun ún.

"Ọ̀rẹ́ mi, o kú iṣẹ́ o!"

"Ìwọ náà kú iṣẹ́!"

Wọn a fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a kọrin, wọn a sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ilé ti parí.

Òkìkí Àdàbà kàn dé ààfin. Ọ̀kín ránṣẹ́ pè é.

"Àdàbà, ìwọ ni yóò máa kọ́lé fún mi. Àgbàdo kò ní wọ́n ọ."

Àdàbà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ṣé kí n mú Ẹ̀gà dání?"

"Ariwo Ẹ̀gà ti pọ̀ jù. Ìwọ nìkan ni mo pè."

Àdàbà kọ́ ilé ọba. Kò sí ẹni tí ó na koríko sí i. Ó bà sílẹ̀, ó mú ẹyọ kan. Ó fò sókè, ó hun ún. Ó tún bà sílẹ̀. Lékeléke, ìránṣẹ́ ọba, kọjá nísàlẹ̀, kò kí i. Ṣé ẹ gbọ́? Ó bá ẹni lẹ́nu iṣẹ́, kò sọ pé o kú iṣẹ́! Ohun tí ó sọ ni pé, "Ọba ní kí o kọ́ ti olorì."

Àdàbà tọ ọba lọ. "Kábíyèsí, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ẹ fi ẹnì kan tì mí."

Ọba ní, "Ẹ bu àgbàdo kún tirẹ̀."

Àdàbà kọ́ ilé olorì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀nà ilé, a máa gbọ́ ariwo Ẹ̀gà díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Àárò sọ ọ́. Ó ń hun, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń kọrin:

Ẹ̀gà, ọ̀rẹ́ mi o,
*Wá bá mi ṣe é.*
Ta ni yóò na koríko?
*Wá bá mi ṣe é.*
Mo yó, inú mi ò dùn,
*Wá bá mi ṣe é.*

Ilé olorì parí. Lékeléke tún dé. "Ọba ní ó ku ti ọmọ ọba méjìlá. Kí òjò tó dé ni o."

Àdàbà tún tọ ọba lọ. "Kábíyèsí, bí kò bá sí olùrànlọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí Lékeléke ṣáà máa kí mi."

Ọ̀kín rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àgbàdo kún ilé rẹ, kí lo tún ń wá?"

Àdàbà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó mú koríko, ó ń wò ó. Kò mọ bí wọ́n ti ń hun ún mọ́. Ó fi igi méjì dábùú ara wọn, ó fi ẹ̀kẹta lé e, ó dúró. Òjò dé, ó wó gbogbo rẹ̀. Ọba lé e jáde.

Ẹ ò bá rí i bí inú rẹ̀ ti dùn! Kò mú àgbàdo kankan. Ó fò tààrà lọ sí ìdí ọ̀pẹ.

Ẹ̀gà pariwo, "Ọ̀rẹ́ mi dé! Jọ̀wọ́, wá, a ti ń retí rẹ." Ó na koríko sí i. Ó bọ́ lẹ́nu Àdàbà. Ó tún na òmíràn. Ó bọ́. Ó na ẹ̀kẹta, ó fi ẹnu ara rẹ̀ dì í mú títí Àdàbà fi gbà á. Ó bọ́. Gbogbo ọ̀pẹ dákẹ́.

Ojú ti Àdàbà. Ó fò lọ sórí igi kan tí ó dá dúró. Ẹ̀gà pè é, pè é, kò wá.

Ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ Àdàbà fi jẹ́ igi mélòó kan lásán, tí èèyàn lè dúró nísàlẹ̀ kí ó máa ka ẹyin rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, á kọjú sí ọ̀nà ọ̀pẹ, á máa ké. Ó ń fẹ́ lọ, kò lè lọ.

Ìdí náà nìyẹn tí àwọn Ẹ̀gà fi ń kọ́lé pọ̀ sórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Àwọn èèyàn ní aláriwo ni wọ́n. Irọ́ ni. Wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́ ni, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé, bí àwọn bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹnì kan láàárín àwọn lè tún lọ.

Bí wọ́n ti sọ fún mi ni mo sọ. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí orin sá lẹ́nu mi.