Òwú Dúdú Ọrùn Àdàbà

Nígbà láéláé, nígbà tí odò ṣì ń wá ọ̀nà tí yóò máa gbà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ ní. Àwọ̀ eérú ni. Bí wọ́n bá bà sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, nígbà tí kùrukùru kò tíì ká, ènìyàn á rò pé èéfín ìdáná ló ń rìn nílẹ̀. Ológoṣẹ́ ni o, ẹ̀ga ni o, olongo ni o, kò sẹ́ni tó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Èyí kò dun ẹnikẹ́ni, àfi obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ń gbé ní abúlé kan létí odò. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn, ọmọ náà sì ti lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò. Nígbà tí Ìbídùn lóyún àkọ́bí, ó wá kí ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní, "tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi bá pé, n ó rán ẹyẹ tí mo ń bọ́ lẹ́yìnkùlé mi sí yín. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má jókòó o. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ni yóò wẹ ọmọ náà bí kò ṣe èmi?" ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Bí òkèlè bá wà lọ́wọ́ mi, n ó sọ ọ́ sílẹ̀. Igbá ọkà bàbà kan sì wà níbí fún ẹyẹ náà."

Ṣùgbọ́n ọkàn Àwẹ̀ró kò balẹ̀. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí odò yẹn bá kún, kò sí ẹni tó lè là á kọjá mọ́ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wà níhìn-ín, ìhín ló máa wà.

Ológoṣẹ́ wà lábẹ́ òrùlé lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ igbá ọkà nìkan ló kù sí i létí. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó gbọn ìyẹ́.

"Ìbídùn ló rán mi. Ó ní kí ẹ máa bọ̀. Ṣé ọkà mi wà ńlẹ̀?"

Àwẹ̀ró da ọkà fún un, ó gbé igbá ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti àdí ka orí, ó di ọ̀nà odò. Nígbà tó dé ọ̀hún, Ìbídùn ló bá tó ń bẹ iṣu, oyún rẹ̀ wà níkùn ní tirẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tí ẹ ń mí hẹlẹ báyìí?"

"Ẹyẹ rẹ ló ní kí n máa bọ̀."

"Ẹyẹ mi rèé lórí igi. Kò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀."

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ì bá dúró, ṣùgbọ́n adìẹ méjì ń sàba nílé, kò sì sẹ́ni tí yóò fún wọn lómi. Ó padà. Nígbà tó di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ga tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkà lẹ́nu ológoṣẹ́ dé. Ẹ ṣáà mọ ẹnu ẹ̀ga. Ó ṣàlàyé bí ìrọbí ṣe mú Ìbídùn, ó sọ ẹni tó di í lẹ́yìn mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ. Àwẹ̀ró tún sáré. Ìbídùn ń fọ aṣọ.

Bó ṣe ń bọ̀ wálé, àwọn aládùúgbò ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, ọmọ wo lẹ wẹ̀ lónìí?"

Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó da ọkà tó kù sílẹ̀ nínú àgbàlá. "Ó yá, ẹ jẹ ẹ́ tán! Ẹyẹ tó bá tún dá orúkọ ọmọ mi, ìgbálẹ̀ ni n ó fi dá a lóhùn."

Ní ọjọ́ kejì gan-an ni àdàbà dé.

Ojú ọ̀run ti ṣú lápá òkè odò. Ó bà sórí ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

"Ìyá ọmọ, kú-kúù-kú,
Ìbídùn ń rọbí, kú-kúù-kú,
Odò ń kún bọ̀, kú-kúù-kú."

Ìgbálẹ̀ fò. Ó ha àdàbà lọ́rùn, ìyẹ́ mẹ́ta já bọ́ sílẹ̀. Àdàbà fò sókè, ó tún padà bà sí ojú kan náà.

"Ìyá ọmọ, kú-kúù-kú..."

Àwẹ̀ró wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ọ. Oòrùn gòkè, ó ń gbọ́ ọ. Ohùn ẹyẹ náà ń rẹlẹ̀ lọ, ó ń ha, títí ó fi dà bíi pé inú ìkòkò ló ti ń jáde wá. Níkẹyìn Àwẹ̀ró yọjú lójú fèrèsé, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́, ó kàn fẹ́ mọ ìgbà tí yóò dákẹ́ ni.

Ó rí ọkà bàbà nílẹ̀. Ẹyẹ náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sáàárín ọkà náà, ó ń kọrin. Kò ṣa hóró kan.

Àwẹ̀ró figbe ta. "Áà! Ẹyẹ tó bá wá torí ọkà, ṣé yóò dúró sínú ọkà kó má fẹnu kàn án? Mo gbé o! Ọmọ mi ti ń pè mí láti àárọ̀!"

Ó jáde. Ó fẹ́ máa tẹ̀ lé ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti kún fún ẹyẹ tó ń sá fún òjò, gbogbo wọn rí bí eérú. Báwo ni yóò ṣe mọ tirẹ̀? Ó wá rántí ohun tó máa ń ṣe fún àwọn adìẹ rẹ̀ kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ó fa fọ́nrán òwú dúdú kan yọ ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

"Súnmọ́ mi," ó ní. "Ọwọ́ yìí kò ní ìgbálẹ̀ mọ́. Dárí jì mí."

Àdàbà fi ọrùn sílẹ̀. Àwẹ̀ró so òwú náà mọ́ ojú ibi tó fi ìgbálẹ̀ ha, ó rọra so ó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ, òwú dúdú níwájú, obìnrin lẹ́yìn. Omi ti bo ibi tí wọ́n máa ń là kọjá. Àdàbà fò lọ sí ìsàlẹ̀, ó bà lórí àpáta kan tí orí rẹ̀ ṣì yọ lómi, ó bà lórí òmíràn, Àwẹ̀ró sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ títí ó fi gúnlẹ̀. Bó ṣe wẹ̀yìn, odò ti gbé àpáta àkọ́kọ́ mì.

Ó wọlé Ìbídùn bí ọmọ ṣe ń ké igbe àkọ́kọ́.

"Ìyá mi, mo rò pé ẹ ò ní wá mọ́," ni Ìbídùn wí, ó bú sẹ́kún.

"Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Ẹyẹ rẹ kò jẹ̀bi," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé ọmọ náà, ó sì wẹ̀ ẹ́.

Ìbídùn fẹ́ tú òwú náà, àdàbà kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí ìyá lè máa mọ òun.

Nígbà tí àwọn ẹyẹ yòókù gbọ́, wọ́n rọ́ dé, wọ́n ní kí Àwẹ̀ró sàmì sí àwọn náà lára. "Ẹ wá," ó ní, "kí n lè mọ ẹni tó ń purọ́ fún mi." Ó fi omi ìyeyè pa ẹ̀ga lára, ṣùgbọ́n ẹ̀ga ń sọ̀rọ̀ lọ láìwo iwájú, ó sì fi orí gbá ìdí ìkòkò dúdú, orí rẹ̀ náà sì dúdú. Ó fi epo pupa kan olongo lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí ológoṣẹ́ tètè jáde. Nígbà tó fi dé, eérú nìkan ló kù.

"Dúró sí abẹ́ òrùlé," ni Àwẹ̀ró wí. "Tí mo bá rí nǹkan mìíràn, n ó pè ọ́." Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ń retí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti ní àmì tirẹ̀, tí a fi ń mọ̀ wọ́n lẹ́yìnkùlé wa. Láti ọjọ́ náà ni ohùn àdàbà ti ha, tí òwú dúdú sì wà lọ́rùn rẹ̀, níbi tí ìgbálẹ̀ ti bà á. Tí ẹ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tó wá bà nítòsí yín, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ẹ rọra gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹnìkan ló rán an.