Ẹtu, Ìjàpá àti Eédú Abẹ́ Pèrègún

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ré kété, ó já sí oko ilá. Kí ló ń gbórí wọlé bí ẹ bá bi í pé, "Níbo lo wà lánàá?" Ẹ̀yin ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbọ́ ná.

Oko ilá kan ṣoṣo ni ìyá Ẹtu fi sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjàpá ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pèrègún ni wọ́n sì fi ṣe ààlà. Nígbà tó yá, ọ̀kánjúà wọ Ìjàpá lẹ́wù. Ó hú pèrègún, ó lọ gbìn ín sáàárín ilá Ẹtu.

Ẹtu gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá Erin, baálẹ̀ igbó.

"Baba, ẹ̀bá òkúta ni wọ́n gbin pèrègún ààlà sí. Mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni."

Òbúkọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó ti Erin, mi irùngbọ̀n. "N kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ọjà ni."

Ni Ìjàpá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Obìnrin ò mọ ohun tó jẹ lánàá. Ẹ má gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn mọ́."

Àwọn àgbà ọkùnrin ń mi orí pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹtu dé akínyẹmí ara. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo ṣi ọjọ́. N kò ṣi ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà rò tirẹ̀."

"Èmi?" Ìjàpá na ọrùn. "Èmi ni mo gbẹ́ kòtò. Èmi ni mo gbin pèrègún, tí mo bomi rin ín. Gbogbo yín ń wò mí."

Bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi ni Ìjàpá sùn sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún náà. Ó ti fi irọ́ náà fọ́nnu títí, òun gan-an ti gbà á gbọ́.

"Kí lo kọ́kọ́ dà sínú kòtò?" ni Ẹtu bi í.

"Omi tútù ni."

Àwọn àgbà wojú ara wọn. Nínú igbó yẹn, ẹnikẹ́ni kì í gbin pèrègún ààlà láìkọ́kọ́ da eédú sísàlẹ̀, nítorí eédú kì í jẹrà.

Wọ́n gbẹ́ abẹ́ pèrègún Ìjàpá, ekòló ni wọ́n bá. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀bá òkúta, eédú ló kún ibẹ̀.

"Ẹtu ṣi ọjọ́ kan," ni Erin wí. "Ìwọ fi ara rẹ síbi tí o kò dé. Lọ dá pèrègún padà, kí o sì ro oko ilá Ẹtu títí òjò ọdún yìí yóò fi dá."

Ẹ̀yin ọmọkùnrin ẹ̀yìn, kí obìnrin ṣi ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á pariwo. Kí ọkùnrin ṣi odidi ìtàn, wọ́n á ní akin ni. Kì í ṣe níwájú mi.

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń gbórí wọlé bó bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má bi í ní ohun tó rántí. Láti ọjọ́ náà ni wọn kì í ti í gbọ́ ẹjọ́ ààlà nínú igbó yẹn láìgbọ́ tẹnu obìnrin.

Ibi tí àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá ṣi ọjọ́ sọ, ẹ tún un ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi ni mo gbẹ́ kòtò, kí agogo ẹnu mi má ró mọ́.