Baálẹ̀ Tí Ó Gba Iyán Lẹ́nu Àlejò

Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, nígbà tí ìjọ onígbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àwọn abúlé oko, baálẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí àlejò fi ẹnu gbígbẹ kúrò nílé rẹ̀. Ọkùnrin náà lawọ́. Bí o bá yà béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kí o jẹ iyán kí o tó mọ̀ ọ́n.

Dókítà kan ṣoṣo ni ìjọ ní fún gbogbo abúlé agbègbè náà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì gbọdọ̀ sọdá odò padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí ọlọ́kọ̀ kì í tukọ̀ lálẹ́. Ilé baálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà, bí àṣà ti wí. Baálẹ̀ á ní kí wọ́n mú adìyẹ. Wọn á lé e káàkiri, wọn á pa á, wọn á sè é, wọn á tún gúnyán. Dókítà, ọmọ tí a kọ́ nílé, kò lè sọ pé òun kò jẹ. Nígbà tó bá fi ṣanwọ́ tán, ọjọ́ ti lọ. Á wo aláìsàn díẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ fún àwọn yòókù. Baálẹ̀ kò kíyè sí i. Inú rẹ̀ a máa dùn ṣáá pé àlejò òun yó.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná janjan wá láti oko, ó jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé baálẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró odó nínú ilé. Òun náà ní ẹ̀kọ́ ilé, kò sì fẹ́ wọlé lọ da ẹni tó ń jẹun láàmú. Ó ń fi omi tutù pa ọmọ lára, ó ń dúró.

Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ ni gìrì mú ọmọ náà. Obìnrin náà kò mọ ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ forí jì mí, ọmọ mi ń kú lọ!”

“Láti ìgbà wo lo ti wà níta?”

“Láti àárọ̀ ni, Bàbá. Ẹ ń ṣàlejò lọ́wọ́ ni.”

Ojú ti baálẹ̀ gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo iyán kúrò níwájú àlejò, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí lábúlé náà. “Dókítà, ọmọ mi, dìde. Tọ́jú àwọn aláìsàn ná.”

Ọmọ náà yè. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń sunkún ọmú, kò sì sí aláìsàn kan tí wọ́n dá padà lọ́jọ́ náà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni dókítà ti jẹ iyán tó ti tutù. Baálẹ̀ dúró létí odò, ó ń wò ó, ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Ìwọ àgbà tí ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé o kì í ṣe ìkà. Baálẹ̀ náà kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń ṣe oore nínú ilé, yọjú síta kí o wo ẹni tí oore rẹ dá dúró. Má dúró de ìgbà tí yóò pariwo, nítorí ẹni tí a kọ́ dáadáa kì í tètè pariwo.